Ẹni Tó Ń Ṣọdún Ló Ni Ọjọ́

Ọdún kan wà láyé rí tó gùn tó ọjọ́ 445. Ọdún 46 ṣáájú ìbí Jésù ni, ní Róòmù, Julius Caesar ló sì fà á gùn bẹ́ẹ̀. Macrobius, òǹkọ̀wé Róòmù kan tó wá lẹ́yìn náà, pè é ní ọdún ìdàrúdàpọ̀ ìkẹyìn. Mo máa ń ro ti onígbèsè tó ti ṣèlérí pé òun á san owó olówó kí ọdún tó parí, bí ara á ṣe tù ú tó lọ́dún yẹn. Mo tún máa ń ro ti olówó.

Ó pẹ́ tí mo ti ń kó irú ìtàn báyìí jọ, torí mo fẹ́ràn wọn dénú. Kàlẹ́ńdà kò wọ́n lára ògiri ilé wa: ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń bẹ, ti ṣọ́ọ̀ṣì ń bẹ, ti mọ́ṣáláṣí, ti báǹkì, àti èyí tí wọ́n to fọ́tò àwọn ọba ilẹ̀ Yorùbá sí. A sì ń wò ó bí ẹni pé ọjọ́ tí Ọlọ́run dá ayé ló dá a mọ́ ọn. Àwọn èèyàn ló ṣe é. Ìbẹ̀rù wọn wà nínú rẹ̀, ọ̀tẹ̀ wọn wà níbẹ̀, ìṣírò tí wọ́n ṣì wà níbẹ̀, ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ọjọ́ tí wọ́n ti jẹ tí wọ́n ti mu náà sì wà níbẹ̀. Ìfẹ́ yìí ni mo gbà pé ó lágbára jù nínú gbogbo wọn, òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Róòmù, torí ibẹ̀ ni oṣù méjìlá tí à ń kà ti wá. Gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Róòmù fúnra wọn ṣe máa ń ròyìn rẹ̀, oṣù mẹ́wàá péré ni ọdún wọn ní ní àtètèkọ́ṣe. Máàṣì ló ń ṣíwájú, Dìsẹ́ńbà ló ń kádìí rẹ̀, ọjọ́ 304 ni gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Ìgbà òtútù tó bá tẹ̀ lé e kò lórúkọ. Àgbẹ̀ ò lè roko nínú òtútù, ọmọ ogun ò lè jáde, wọn ò wá rídìí tí wọ́n á fi máa ka ọjọ́ tí kò sí iṣẹ́ ní ṣíṣe. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé Sẹ̀tẹ́ńbà, oṣù kẹsàn-án wa, eéje ló wà nínú orúkọ rẹ̀ lédè Látìn, ẹẹ́jọ wà nínú Ọkitóbà, ẹẹ́sàn-án nínú Nòfẹ́ńbà, ẹẹ́wàá nínú Dìsẹ́ńbà. Ọba Numa Pompilius ni ìtàn wọn sọ pé ó fi Jánúárì àti Fẹ́búárì kún un. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí oṣù mẹ́rin wọ̀nyí ti ń jẹ́ orúkọ tí kò bá ipò wọn mu, kò sì sí ẹni tó rí i tún ṣe.

Fẹ́búárì ló máa ń ṣe mí láàánú jù. Àwọn ará Róòmù máa ń bẹ̀rù nọ́ńbà tó bá ṣe é pín sí méjì dọ́gba. Wọ́n ní kò lóríire. Wọ́n wá fún oṣù kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ 29 tàbí 31. Àmọ́ ọdún náà gan-an, wọn ò fẹ́ kó jẹ́ 354, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye tí òṣùpá méjìlá ń fẹ́ nìyẹn, wọ́n sọ ọ́ di 355. Wàhálà wá dé. Bí ẹ bá ro irú nọ́ńbà tí wọ́n fẹ́ràn yẹn pọ̀ lẹ́ẹ̀méjìlá, ohun tó máa jáde ni irú èyí tí wọ́n ń sá fún. Oṣù kan gbọ́dọ̀ fara gbá a. Fẹ́búárì ni oṣù ètùtù, oṣù ìwẹ̀nùmọ́, oṣù tí wọ́n ń rántí òkú ọ̀run. Òun ni wọ́n kó ọjọ́ 28 fún, ojú wo ló sì kù tí ì bá fi kọ̀ ọ́?

Ọdún tó jẹ́ ọjọ́ 355 ò lè bá oòrùn rìn pẹ́. Nítorí náà, wọ́n máa ń ki oṣù kan bọ àárín ọdún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn àlùfáà àgbà ló sì ni àṣẹ ìgbà tí wọ́n máa kì í bọ̀ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ wọn bá wà lórí oyè, ọdún á gùn. Bí ọ̀tá wọn bá wà níbẹ̀, ọdún á yára parí. Caesar fúnra rẹ̀ ni olórí àwọn àlùfáà náà, àmọ́ ogun gbé e lọ sí ìlú òkèèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó rí ti kàlẹ́ńdà rò, títí tí ọdún ìkórè fi ń bọ́ sí ìgbà tí ọkà kò tíì gbó. Nígbà tó dé, ó gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ Sosigenes, ọ̀mọ̀wé tó wá láti Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì. Wọ́n na ọdún kan ṣoṣo yẹn gùn kí gbogbo rẹ̀ lè bára mu, ọdún ọlọ́jọ́ 365 sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì ọdún tó tẹ̀ lé e.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Jánúárì gan-an? Ogun ló fà á. Lọ́dún 153 ṣáájú ìbí Jésù, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Sípéènì, Róòmù sì fẹ́ kí àwọn olórí tuntun tètè gorí oyè kí wọ́n lè kó ogun lọ. Wọ́n sún ọjọ́ ìgoríoyè láti àárín oṣù Máàṣì bọ̀ sí ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì. Ibẹ̀ ló dúró sí. Gbogbo ìsìn àìsùn ọdún tuntun wa, gbogbo báńgà tí àwọn ọmọdé ń yìn lóru, orí ogun Sípéènì yẹn la dúró lé.

Inú Cicero, olóṣèlú Róòmù kan, ò dùn sí Caesar. Plutarch, òǹkọ̀wé ìtàn kan, ròyìn pé ẹnì kan sọ létí Cicero pé àwọn ìràwọ̀ kan máa yọ lọ́jọ́ kejì. Cicero dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti pàṣẹ fún wọn.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n ló kàn báyìí. Caesar ní kí wọ́n máa fi ọjọ́ kan kún Fẹ́búárì ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin. Wọ́n gún un pa ní oṣù Máàṣì ọdún 44 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn àlùfáà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Wọ́n wá ń fi ọjọ́ yìí kún un ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 36, wọ́n sì ti fi ọjọ́ 12 kún un níbi tó yẹ kí wọ́n ti fi 9 kún un, kí Augustus, tó jọba lẹ́yìn Caesar, tó dá wọn dúró. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn òyìnbó kọ, bí ẹni tí kò mọ ìṣírò ni wọ́n ń ṣe àwọn àlùfáà yìí. Mi ò gbà. Ẹnikẹ́ni tó bá ná ọjà ọrọọrún rí máa mọ ohun tí wọ́n ṣe.

Ìyá ìyá mi ń ta èlùbọ́ ní irú ọjà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ná an lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n tún máa ná an. Ajé ni ọ̀kan, Ìṣẹ́gun ni èjì, Ọjọ́rú ni ẹ̀ta, Ọjọ́bọ̀ ni ẹ̀rin, Ẹtì ni àrún. Ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ka ìjẹta: òní, àná, ìjẹta, ó pé mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìtàdógún tí àwọn alájọ ń lò. Ọjọ́ kẹta Iléyá la sọ pé Ọjúde Ọba máa ń wáyé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lọ́dún 2024, ọjọ́ Àìkú 16 oṣù Júùnù ni Iléyá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó jẹ́ 18 ni Ọjúde Ọba. Ẹni tó bá yọ ọjọ́ Iléyá kúrò nínú kíkà, ọjọ́ Ọjọ́rú ló máa wọ aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ dé Ìjẹ̀bú, á sì bá ìlú tó dákẹ́ rọ́rọ́.

Bí àwọn ará Róòmù náà ṣe ń kà nìyẹn. Wọ́n ní ọjà kan tí wọ́n ń pè ní ti ọjọ́ mẹ́sàn-án, àmọ́ bí wọ́n bá ná an lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n tún máa pàdé níbẹ̀. Ọjà ìsán gan-an nìyẹn! Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ “ọdún kẹrin-kẹrin,” wọ́n ka ọdún tí wọ́n wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn, ọdún kẹta sì bọ́ sí ọwọ́ wọn. Sosigenes ń ka tirẹ̀ lọ́nà kan, àwọn tó máa ṣe iṣẹ́ náà ń kà á lọ́nà mìíràn. Inú mi dùn tí mo kọ́kọ́ rí èyí, torí bí ẹ bá mú ìyá ìyá mi lọ sí ọjà Róòmù ayé ìgbà yẹn, kò ní ṣi ọjọ́ ọjà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí Bíbélì sì sọ pé Jésù kú lọ́jọ́ Ẹtì, ó sì jíǹde lọ́jọ́ kẹta, kò sí Yorùbá tó yẹ kó dààmú lórí bí ọjọ́ Àìkú ṣe jẹ́ ìkẹta. A mọ̀ ọ́n kà.

Caesar àti Augustus gba oṣù kọ̀ọ̀kan fún iṣẹ́ wọn. Oṣù tí wọ́n ń pè ní ìkarùn-ún di Júláì lọ́dún tí wọ́n pa Caesar, ìkẹfà di Ọ́gọ́ọ̀sì lọ́dún 8 ṣáájú ìbí Jésù. (Ìtàn kan wà tó gbajúmọ̀ pé Augustus jí ọjọ́ kan lára Fẹ́búárì kí oṣù tirẹ̀ má bàa kéré sí ti Caesar. Irọ́ ni. Fẹ́búárì ti ní ọjọ́ 28 tipẹ́ kí wọ́n tó bí i.) Àwọn tó jẹ ọba lẹ́yìn wọn náà wá ń fẹ́ tiwọn. Nero gba Éépírì. Domitian gba méjì lẹ́ẹ̀kan náà, Sẹ̀tẹ́ńbà àti Ọkitóbà. Commodus ló wá bà á jẹ́ pátápátá: ó sọ gbogbo oṣù méjèèjìlá ní orúkọ ara rẹ̀ àti oríkì ara rẹ̀. Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 192 ni wọ́n fún un lọ́rùn pa, oṣù méjèèjìlá sì padà sí orúkọ wọn.

Tiberius nìkan ni mo bọ̀wọ̀ fún nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbìmọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn fi orúkọ rẹ̀ pe Nòfẹ́ńbà, oṣù tí wọ́n bí i. Ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa ṣe tí Késárì bá di mẹ́tàlá. Ìbéèrè náà ṣe gúnmọ́, àfi tó bá jẹ́ ilẹ̀ Etiópíà ni wọ́n ti bi í, torí oṣù mẹ́tàlá ni wọ́n ní níbẹ̀ títí dòní. Ìkẹtàlá náà ò ju ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ.

Kí ló dé tí Júláì dúró tí oṣù Nero ò dúró? Agbára kọ́, torí Nero lágbára. Èrò mi ni pé àwọn èèyàn jẹ àǹfààní kàlẹ́ńdà Caesar: ìkórè bọ́ sí àsìkò rẹ̀, ọjọ́ ọdún dúró lójú kan. Ti àwọn yòókù, orúkọ lásán ni, kò sí oúnjẹ kankan nínú rẹ̀. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Faransé lẹ́yìn ìyípadà ìjọba wọn. Wọ́n sọ ọ̀sẹ̀ di ọlọ́jọ́ mẹ́wàá, ìsinmi di ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ mẹ́wàá. Òṣìṣẹ́ wo ló máa fẹ́ràn ìyẹn? Napoleon fòpin sí i ní ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì ọdún 1806.

Kàlẹ́ńdà Caesar náà ní àléébù tirẹ̀. Ó fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá gùn ju ọdún oòrùn lọ, nígbà tó sì fi di ọdún 1582, tí ẹ bá kà á láti ìgbà ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Náísíà lọ́dún 325, ìṣẹ́jú kéékèèké yẹn ti di ọjọ́ mẹ́wàá. Póòpù Gregory Kẹtàlá pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ọjọ́ mẹ́wàá náà dànù. Ní Sípéènì, Pọ́túgàl, Pólándì àti ọ̀pọ̀ ìlú ní Ítálì, Ọjọ́bọ̀ 4 oṣù Ọkitóbà ni wọ́n sùn, ọjọ́ Ẹtì 15 ni wọ́n jí. Òru yẹn gan-an ni Tèrésà Mímọ́ ti ìlú Ávila kú. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín, ọjọ́ kejì náà sì jẹ́ 15. Ọjọ́ 15 yẹn ni wọ́n fi ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ títí dòní.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò gba ọ̀rọ̀ Póòpù. Wọ́n dúró di 1752, ó sì ti di ọjọ́ mọ́kànlá nígbà yẹn. Ọjọ́ 14 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ló tẹ̀ lé ọjọ́ 2. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn èèyàn dá rúgúdù sílẹ̀ nígboro, pé kí ìjọba dá ọjọ́ mọ́kànlá àwọn padà. Àwọn òpìtàn ò rí ẹ̀rí rúgúdù kankan. Àwòrán kan tí William Hogarth yà lọ́dún 1755, níbi tí àkọlé tó ń sọ bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀, ló dà bí ẹni pé ó bí ìtàn yẹn. Àwọn agbowó-orí ní tiwọn ò jẹ́ kí ọjọ́ kankan sọnù. Wọ́n sún ìbẹ̀rẹ̀ ọdún owó, tó jẹ́ 25 oṣù Máàṣì tẹ́lẹ̀, síwájú, ìdí nìyẹn tí ọdún owó-orí fi ń bẹ̀rẹ̀ ní 6 oṣù Éépírì ní Britain. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní London ló ń bá ọjọ́ yẹn yí lọ́dọọdún.

Síwídìn ló tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n ní àwọn ò ní fò ọjọ́ kankan lójijì. Ńṣe làwọn á máa yọ ọjọ́ Fẹ́búárì tó ń yọjú lọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin díẹ̀díẹ̀ fún ogójì ọdún. Wọ́n yọ ti 1700. Ogun dé, wọ́n gbàgbé ti 1704, wọ́n tún gbàgbé ti 1708. Wọn ò bá Caesar mu mọ́, wọn ò sì bá Póòpù mu. Ọba wọn ní kí wọ́n kúkú padà síbi tí wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n sì fi ọjọ́ kan kún ọdún 1712. Bí Fẹ́búárì ṣe ní ọjọ́ 30 lẹ́ẹ̀kan ní Síwídìn nìyẹn.

Títí dé ibi tí a bá a dé yìí, ẹnu ọba àti ẹnu Póòpù ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọdá òkun.

Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà àti Bàhíà ní Brazil bá kàlẹ́ńdà àwọn ẹni mímọ́ Kátólíìkì níbẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí wọ́n ṣe ọdún òrìṣà. Wọ́n wá wo àwọn ẹni mímọ́ yẹn fínnífínní. Barbara Mímọ́, tí ọdún rẹ̀ jẹ́ 4 oṣù Dìsẹ́ńbà, ìtàn rẹ̀ ni pé bàbá rẹ̀ bẹ́ ẹ lórí, àrá sì sán pa bàbá náà. Ta ló ń fi àrá jà? Wọ́n rí aṣọ pupa lọ́rùn rẹ̀, wọ́n rí idà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Kúbà, ọjọ́ náà di ti Ṣàngó. Ní Salvador, olú ìlú Bàhíà, ọjọ́ kan náà di ti Ọya, àwọn tó ń ta àkàrà rẹ̀ sì ń wọ pupa jáde. Tọkọtaya tí òkun pín níyà, wọ́n jọ ń ṣọdún lọ́jọ́ kan náà! Mi ò mọ ìtàn kàlẹ́ńdà mìíràn tó dùn mọ́ mi nínú tó báyìí.

Lọ́dún 1969, Ìjọ Kátólíìkì tún kàlẹ́ńdà rẹ̀ gbogbogbòò tò. Wọ́n yọ Barbara kúrò níbẹ̀, torí wọn ò rí ẹ̀rí tó dájú nípa ìtàn rẹ̀. Wọ́n sún ọdún Kósímà àti Dàmíánì, àwọn ìbejì, láti 27 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà sí 26. Kò sẹ́ni tó sún ìkòkò ilá kúrò lórí iná ní Bàhíà. 27 ni wọ́n ṣì ń se caruru fún Ìbejì, ilá, epo pupa àti edé, àwọn ọmọ kékeré méje ni wọ́n kọ́kọ́ ń bu oúnjẹ fún kí àgbàlagbà kankan tó jẹ. 4 oṣù Dìsẹ́ńbà ṣì ń pọ́n ròrò ní Kúbà àti ní Salvador. Póòpù Gregory lè yọ ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ méje lóúnjẹ, kò sí ọ́fíìsì tó lè sún un.

Nílé níbí náà, a ti rí irú rẹ̀. Ọdún 1999 ni ológun gbé ìjọba sílẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì fi 29 oṣù Méè ṣe Àyájọ́ Ìjọba Tiwa-n-tiwa. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá di ọjọ́ tiwọn mú, 12 oṣù Júùnù, ọjọ́ tí a dìbò fún M.K.O. Abíọ́lá lọ́dún 1993, ìbò tí àwọn ológun fagi lé. Kàlẹ́ńdà Àbújá ò mọ ọjọ́ náà sí nǹkan kan, síbẹ̀ ọdọọdún ni wọ́n ń tì í ṣe: ìwọ́de, ìsọ̀rọ̀, àdúrà. Abíọ́lá kú ní 7 oṣù Júláì ọdún 1998, kò rí ìkankan nínú rẹ̀. Oṣù Júùnù ọdún 2018 ni Ààrẹ Buhari kéde pé 12 oṣù Júùnù ni àyájọ́ náà báyìí, 2019 ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é bẹ́ẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ó ń mú orí mi wú. Ogún ọdún ó lé ni àwọn èèyàn fi ṣọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo kó má bàa sọnù, títí tí ìjọba fi wá bá wọn níbẹ̀.

Àwọn Mùsùlùmí ní tiwọn kò bá oòrùn ṣe àdéhùn rárá. Òṣùpá ni wọ́n ń tẹ̀ lé, ọdún wọn sì fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú sí ti Gregory, nítorí náà Ramadan máa ń rìn la gbogbo oṣù já ní nǹkan bí ọdún 33. Ẹni tó gba ààwẹ̀ nínú ọyẹ́ á gbà á nínú òjò, á tún gbà á nínú ẹ̀ẹ̀rùn, bí ẹ̀mí bá gùn. Lọ́dún 2000, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ṣe ọdún ìtúnu ààwẹ̀: oṣù Jánúárì àti ìparí oṣù Dìsẹ́ńbà.

Ọdún 2030 ni mo ń retí báyìí. Ààwẹ̀ kan máa bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Jánúárì, ìkejì ní nǹkan bí 26 oṣù Dìsẹ́ńbà, bí òṣùpá bá ti yọ. Ilé wa, bí ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, Kìrìsìtẹ́nì ń bẹ níbẹ̀, Mùsùlùmí ń bẹ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ni alhaja àti alhaji wa, èmi ni mo máa ń se ìrẹsì Kérésì. A ti ń sọ ọ́ láàárín ara wa pé ìkòkò ńlá la máa gbé kaná lọ́jọ́ 25 yẹn, ká lè bu tiwọn sílẹ̀ fún sààrì.